ÌRORA KÌ Í ṢE OHUN ÀMÚMỌ́RA, OÒGÙN RẸ̀ KÌ Í SÌ Í ṢE GÚGÚRÚ



Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, arábìnrin kan wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì wa ní GRA, Ìlọrin níbí. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún, irú èyí tí dókítà yóò gé ojú eegun tí ó ti jẹ kúrò, tí yóò sì fi irin àti ike líle rọ́pò rẹ̀. Arábìnrin yìí kò béèrè iye owó lọ́wọ́ mi, kò sì béèrè iye ọjọ́ tí ìyá yóò lò ní ọsibítù. Ohun tí ó bi mí ni èyí: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ní ìrora rẹ̀ ju ti ìrọbí lọ. Wọ́n tún ní oògùn tí wọ́n ń fún ènìyàn fún un a máa di bárakú. Nínú méjèèjì, èwo ni kí ìyá mi fara mọ́?”

Mo dá a lóhùn pé kí ó má fara mọ́ ọ̀kankan. Nígbà tí ó lọ tán, mo ronú pé ìbéèrè yìí ń bẹ lọ́kàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí kò rí ẹni bi. Nítorí náà ni mo ṣe mú un wá síwájú yín lónìí. Èrò mi kò ju èyí lọ: ẹni tí ó ń pa ìrora mọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń ṣe ara rẹ̀ níbi, ẹni tí ó sì ń ra oògùn ìrora bí ẹni ń ra gúgúrú ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Mo ti fi ojú mi rí àwọn méjèèjì.

Ti èkíní ni ti Alhaja kan, oníṣòwò aṣọ ní ìlú yìí. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́. Orí àga ni ó ti ń kírun fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé, ó kó oògùn rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní òun bí ọmọ méje, òun kò sì kígbe. Kí ni ó ń jẹ́ ìrora orúnkún? Bí àwọn ọmọ bá bi í, yóò ní, “Alhamdulillah, ó ti ń dín.” Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ẹsẹ̀ náà. Bí fisió, ìyẹn ẹni tí ń kọ́ aláìsàn bí yóò ti tún máa lo ẹsẹ̀, bá dé, yóò ní kí ó padà wá ní ọ̀la. Nígbà tí oṣù méjì fi pé, orúnkún ti le gan-an bí igi. Wọ́n ní láti gbé e padà sí ọsibítù, kí wọ́n tún fún un ní oògùn oorun, kí dókítà tó lè fi ọwọ́ tẹ orúnkún náà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi níbẹ̀. Mo lọ kí Alhaja yìí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà sì yìn ín pé, “Ẹ kú ìfaradà, Mọ̀mọ́.” N kò béèrè oògùn rẹ̀. N kò ní kí ó tẹ ẹsẹ̀ kí n wò. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo yin ohun tí ó ń pa á lára.

Ti èkejì ni ti Bàbá kan, akọ̀wé ìjọba tí ó ti fẹ̀yìntì. Oògùn tí ọsibítù fún un tán ní ọjọ́ kẹwàá. Dípò kí wọ́n padà lọ bá dókítà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, ó ra tramadol láìmú ìwé dókítà lọ́wọ́, ó sì ra èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ mìlígíráàmù 225. Bàbá lo ọ̀kan. Kò tètè rí ìtura, ó tún lo òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó lo oògùn oorun tí ó ti máa ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Lóru, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ tí ó ń hanrun lọ́nà tí kò gbọ́ rí. Ó jí i, kò jí. Bí ó bá mí lẹ́ẹ̀kan, ó ń pẹ́ kí ó tó tún mí. Ọlọ́run ni ó ṣe é tí wọ́n tètè gbé e dé ọsibítù. Bí Ìyá kò bá jí lóru ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Ẹ wò ó bí ó ti rí. Ọ̀kan bẹ̀rù oògùn, orúnkún rẹ̀ le. Èkejì kò bẹ̀rù oògùn rárá, díẹ̀ ni ó kù kí ó má jí mọ́. Àwọn méjèèjì kò ní ẹni tí ó jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ní 1890 ni Themistocles Gluck, oníṣẹ́ abẹ kan ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ti fi eyín erin ṣe orúnkún fún aláìsàn. Láti bí 1970 sókè ni oníirin àti oníike tí a mọ̀ lónìí ti tàn ká. Wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí, àwọn mìíràn sì ń lọ ṣe é ní Índíà. Ìdí tí ó fi ń dunni ni pé eegun ni a gé, awọ àti iṣan sì wà lára ohun tí a ṣí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù. Ó máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ lè máa wú, kí ó sì máa ro ènìyàn lóru, fún oṣù mélòó kan. Ẹni tí ó bá ní oògùn kan wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìrora kankan, irọ́ ni ó pa. Ohun tí a ń wá ni kí ìrora rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn yóò fi lè sùn, tí yóò fi lè tẹ orúnkún, tí yóò sì fi lè rìn. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú rẹ̀ yóò máa so pọ̀. Nítorí náà, oògùn ìrora kì í ṣe ìkẹ́ra. Ara iṣẹ́ abẹ náà ni.

KÍ A TÓ ṢE IṢẸ́ ABẸ

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹ tó wọ ọsibítù, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú àpò kan, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe èyí tí ọsibítù fún yín nìkan.

Ẹ gbé Alábùkún dání. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí oògùn mọ́, nítorí pé a ti ń lò ó láti ayé Jacob Odulate tí ó dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n aspirin ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kaféènì, aspirin sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dá. Ẹ gbé Felden, diclofenac àti ibuprofen dání. Ẹ gbé oògùn tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di fífẹ́lẹ́ dání, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá èyíkéyìí dúró, nítorí ẹlòmíràn wà tí aspirin ni ó ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ èyí tí a ó dúró lórí rẹ̀ àti ọjọ́ tí a ó dúró.

Ẹ gbé agbo dání pẹ̀lú, àti oògùn inú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń dì fún yín ní kẹ́míìsì, pupa kan, funfun méjì, òmíràn aláwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dẹ́sà tàbí predinisolóònù máa ń wà nínú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó fi máa ń dà bí ẹni pé orúnkún ti sàn ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn. Bí wọ́n bá ti gún yín ní abẹ́rẹ́ sínú orúnkún náà láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ sọ ọ́, nítorí èyí lè mú kí dókítà sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú.

Ẹ sọ bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée. Bí ẹ bá sì ti ń lo tramadol, oògùn oorun tàbí ọtí líle tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Ara tí ó ti mọ̀ ọ́n nílò ètò mìíràn, ẹni tí ó bá sì fi í pamọ́, ìrora yóò tú u fó lórí bẹ́ẹ̀dì.

NÍ ỌSIBÍTÙ

Púpọ̀ nínú àwọn dókítà òde òní kò gbára lé oògùn kan ṣoṣo. Wọ́n lè gún yín ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn tí yóò mú kí ìsàlẹ̀ ara kú fún wákàtí mélòó kan, wọ́n sì tún lè gún òmíràn sí itan láti mú kí iṣan tí ń mọ ìrora orúnkún sùn. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fi panadó, irú ibuprofen, àti díẹ̀ lára oògùn líle pọ̀. Díẹ̀ nínú èyí, díẹ̀ nínú ìyẹn, kí ọ̀kankan má baà pọ̀ jù. Ọgbọ́n ńlá ni.

Nọ́ọ̀sì yóò bi yín pé, láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín? Ẹ má ṣe fi ojú rere dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ méje, ẹ ní méje. Ẹ má sì dúró kí iná ràn dé òrùlé kí ẹ tó pe ẹni tí yóò pa á; nígbà tí ó bá ṣì wà ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó ń gòkè ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀.

NÍ ILÉ

Ibí yìí ni ewu pọ̀ sí jù lọ. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé tí yóò jẹ́ olùtọ́jú oògùn. Kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ orúkọ oògùn, agogo tí a lò ó, iye hóró, àti iye ìrora láti òdo dé mẹ́wàá. Bí ọmọ mẹ́rin bá ń fún Ìyá ní oògùn, tí kò sí ìwé, ìgbà mẹ́rin ni Ìyá yóò lo oògùn kan náà.

Panadó ni ìpìlẹ̀. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, hóró méjì oní-500 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kí ó má ju hóró mẹ́jọ lọ ní ọ̀sán àti òru kan. Ẹni tí ó rù gan-an, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára tàbí tí ó ń mutí kò gbọdọ̀ lò tó bẹ́ẹ̀. Kí ó béèrè. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn àti ti ibà dáadáa, nítorí panadó máa ń wà nínú wọn pẹ̀lú.

Ibuprofen àti ẹgbẹ́ rẹ̀: bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ lò ó. Ẹ má lo méjì irú rẹ̀ pọ̀. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ìtọ̀ bá dín kù, ẹ dá a dúró kí ẹ sì lọ bá dókítà ní kíá.

Oògùn líle, irú tramadol àti kodéènì: gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí nìkan, fún ọjọ́ díẹ̀ tí ó wí. Ẹ má lò ó pẹ̀lú ọtí tàbí oògùn oorun láéláé. Àpọ̀jù tramadol lè mú kí gìrì gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀. Ó máa ń so ìgbẹ́, nítorí náà ẹ máa mu omi, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, kí ẹ sì béèrè oògùn ìgbẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí kí ọmọdé àti ọ̀dọ́ má rí i. Bí ìrora bá ń dín, òun ni kí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀, panadó ni kí ó kẹ́yìn. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà fún ọsibítù tàbí kẹ́míìsì. Ẹ má fi ta aládùúgbò lọ́rẹ.

Ẹni tí ó lò ó fún ọjọ́ díẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà, ó ṣọ̀wọ́n kí ó di bárakú fún un. Ẹni tí ó ń lò ó lọ láìdúró, tí kò lo ìrora mọ́ bí kò ṣe adùn rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ohun mìíràn wà tí kò ní owó nínú. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, kí ẹ gbé e lé orúnkún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n abẹ́ gìgísẹ̀ ni kí ìrọ̀rí wà, kì í ṣe abẹ́ orúnkún, kí ẹsẹ̀ má baà ká. Ẹ lo oògùn ní bí ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan kí fisió tó dé. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ẹ má pe ẹni tí yóò fi òrí wọ́ ọ, pàápàá jù lọ ọ̀bọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì níbẹ̀, wíwọ́ lè tú u lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo mọ̀ pé orúnkún ni a fi ń kí àgbà ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu kí ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sí àna rere tí yóò bínú sí i. Ìrun náà, orí àga ni kí ó ti kí i títí dókítà yóò fi ní ó tó.

Bí Ramadan bá bá a nínú ìtọ́jú, kí ó rántí pé ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ padà. Mo rí àwọn tí wọ́n ń kó oògùn ọjọ́ kan lò pọ̀ nígbà ìṣínu. Hóró mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe oògùn mọ́, májèlé ni fún ẹ̀dọ̀.

Ẹ má sì dúró di ọjọ́ kejì bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: bí ọ̀bọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bá wú, tí ó sì ń ro, bí mímí bá ń nira tàbí tí àyà ń dunni, bí ibà bá dé, tí ọgbẹ́ ń pọ́n tàbí tí ó ń ṣe ọyún, bí ìrora tí ó ti ń rọlẹ̀ bá ṣàdédé le sí i, bí aláìsàn bá ń sùn jù tí a kò lè jí i. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN TÍ Ó KÀN

Ó yẹ kí a mọ ibi tí ìbẹ̀rù Alhaja ti wá. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de oògùn ikọ́ oníkodéènì, NAFDAC sì ti ilé iṣẹ́ oògùn mẹ́ta pa fún ìgbà díẹ̀. Méjì nínú wọn wà ní Ìlọrin wa níbí. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí a gbé jáde ní oṣù kìíní 2019, fi hàn pé àwọn ènìyàn bíi mílíọ̀nù 4.6 ni ó lo irú oògùn líle yìí láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. NAFDAC kò fọwọ́ sí hóró tramadol tí ó bá ju 100 lọ, síbẹ̀ 225 ni ọmọ Bàbá rí rà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń lò ó ní ìlòkulò ti sọ orúkọ oògùn náà di ohun ìtìjú, ìyá àgbà tí ó nílò rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún péré sì ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwà ọmọ ìta ni ó ń dá ìyà jẹ arúgbó.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin ọsibítù wa, ẹ má jẹ́ kí aláìsàn iṣẹ́ abẹ kankan lọ sí ilé láìní ìwé tí a fi èdè Yorùbá kọ: oògùn báyìí, agogo báyìí, ọjọ́ tí yóò dá dúró, nọ́ńbà tí yóò pè bí oògùn bá tán tí ìrora kò tán. Ojú ewé kan péré ni. Bí Bàbá bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ ni, ọmọ rẹ̀ kì bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin onísọ́ọ̀bù oògùn, ẹ ní ìyá, ẹ ní bàbá. Ẹ má ta fún ìyá ẹlòmíràn ohun tí ẹ kò ní fún tiyín. Ẹ̀yin ọmọ tí ń bẹ ní Èkó, ní Abuja àti ní òkè òkun, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé ta ni ń kọ ìwé oògùn Ìyá.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Àmúmọ́ra tí ó pọ̀ jù náà wà nínú àṣejù. Mo sọ fún arábìnrin tí ó wá bá mi pé kí ó ra ìwé kékeré kan kí ó tó ra oúnjẹ ọsibítù. Ó ti rà á. Alhaja wa náà ti ń tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó bí ó ti yẹ kí ó tó. Nígbàkigbà tí mo bá lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, n kò kí i kú ìfaradà mọ́. Ohun tí mo ń bi í ni pé, “Mọ̀mọ́, mélòó ni lónìí?”

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún gbogbo aláìsàn ní ìlera.